Ìṣirò Tó Wà Lójú Yìnyín

Ẹni tó bá ń ta omi tútù tàbí ẹja dídì mọ ìwà fíríísà rẹ̀ dunjú. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, yìnyín funfun kan máa ń hù sára ògiri inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò da omi síbẹ̀. Ọ̀rinrin tó ń bá afẹ́fẹ́ wọlé nígbà tí wọ́n bá ṣí ìdérí ló ń lọ dì mọ́ ògiri náà. Nígbà tó bá pọ̀ débi tí kò sí àyè fún ọjà mọ́, wọn á pa iná, wọn á ṣí fíríísà sílẹ̀ kó lè yọ́. Kó tó yọ́, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kò tẹ́jú rárá. Ó rí wúruwùru, ó yọ abẹ́rẹ́, ó yọ ẹ̀ka, àwọn ẹ̀ka náà sì tún yọ ẹ̀ka mìíràn.

Nínú fíríísà yìí kan náà, omi inú ọ̀rá ń dì lọ. Ẹ mú ọ̀kan tí kò tíì dì tán, kí ẹ gé e. Yìnyín á ti yí inú ọ̀rá náà po, omi á ṣì wà láàárín. Ojú ibi tí yìnyín ti pàdé omi yẹn máa ń jọ̀lọ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sí ẹ̀ka. Omi kan náà ni, òtútù kan náà ni, inú àpótí kan náà ni. Kí ló dé tí ọ̀kan fi tẹ́jú tí èkejì fi yọ ẹ̀ka?

Ìbéèrè yìí kọjá ọ̀rọ̀ fíríísà. Ó kan òjò dídì tó ń bọ́ láti ojú sánmà ní ilẹ̀ olótùútù, ó kan idẹ tí wọ́n yọ́ tí wọ́n dà, ó kan àwọn ohun wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tò sórí sílíkọ́ọ̀nù, ó sì kan bátìrì tó ń gbé iná fún ínfátà. Ìdáhùn kan ló kárí gbogbo wọn, ìṣirò ló sì gbé e jáde. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi tọ ìdáhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ kò kọjá òye ẹni tó mọ ìsọdipúpọ̀.

Ohun líle, ìbáà ṣe yìnyín tàbí irin, ojú rẹ̀ ló fi ń dàgbà. Átọ́ọ̀mù tuntun á wá láti ìta, á fara mọ́ èyí tó ti wà níbẹ̀, ojú á sì sún síwájú díẹ̀. Kí èyí tó ṣeé ṣe, nǹkan méjì gbọ́dọ̀ rìn. Èkíní ni oúnjẹ: ohun tí yóò fara mọ́ ọn gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Èkejì ni ooru: bí omi bá di yìnyín, ó máa ń tú ooru sílẹ̀, ooru náà sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Èyí tó bá ṣòro jù nínú méjèèjì ló ń pinnu bí ojú náà yóò ṣe yára tó.

Nínú ọ̀rá omi, oúnjẹ ò wọ́n, nítorí omi ló kún iwájú yìnyín. Ooru ló gbọ́dọ̀ jáde, inú yìnyín ló sì ń gbà lọ síta níbi tí òtútù wà. Ká wá sọ pé kókó kékeré kan yọ lójú yìnyín, tó nà wọ inú omi. Ibi tó nà dé gbóná ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, ó sì ti jìnnà sí òtútù tó ń ràn án lọ́wọ́. Kókó náà á fà sẹ́yìn, àwọn ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á lé e bá, ojú á tún tẹ́jú. Ohun tó wọ́ ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ojú tó bá ní irú ìwà yìí, ojú tó dúró ṣinṣin ni.

Lára ògiri, ọ̀rọ̀ yí padà. Oúnjẹ ló wọ́n níbẹ̀, torí pé ọ̀rinrin díẹ̀ ló wà nínú afẹ́fẹ́, yìnyín sì ti gbé èyí tó súnmọ́ ọn mì. Béèyàn bá ṣe ń jìnnà sí ojú yìnyín ni ọ̀rinrin ń pọ̀ sí i. Kókó tó bá yọ níbẹ̀, inú ọ̀pọ̀ ló ń nà sí. Á rí jẹ ju ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, á sún síwájú, ibi tó sún dé á sì tún ní ọ̀pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ fi ọjà etí títì wé e. Àwọn ìyá ọlọ́jà to àtẹ wọn sórí ìlà gbọọrọ kan. Ọ̀kan nínú wọn sún àtẹ tirẹ̀ síwájú ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kan péré. Oníbàárà tó ń bọ̀ á kọ́kọ́ bá òun pàdé, èyí tó bá ṣẹ́ kù ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tà ju tiwọn lọ, ó fi èrè ra ọjà kún ọjà, àtẹ náà tún sún síwájú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Láìpẹ́, ìlà gbọọrọ ti wọ́, àwọn kan ti bọ́ sí ojú títì, àwọn kan ti há sí kọ̀rọ̀ tí oníbàárà kò dé mọ́. Ọ̀rinrin kò ní ojú tó fi ń yan àtẹ ní tirẹ̀. Ńṣe ló ń ṣáko kiri nínú afẹ́fẹ́ láìní ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń ṣáko kiri, èyí tó yọrí síta ló máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Ó ṣòro kó tó dé inú kòtò tó wà lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká pe èyí ní èrè iwájú.

Bó bá jẹ́ pé èrè iwájú nìkan ló wà, bí kókó bá ṣe tín-ín-rín tó ni ì bá ṣe yára tó, yìnyín ara ògiri ì bá sì jẹ́ irun tó tín-ín-rín ju ohun tí ojú lè rí lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀, torí pé ohun kan ń fà á padà. Átọ́ọ̀mù tó wà lójú pẹrẹsẹ ní aládùúgbò púpọ̀ tó dì í mú. Èyí tó wà lórí ṣóńṣó kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo, ó sì rọrùn fún un láti já kúrò. Nítorí náà, ṣóńṣó máa ń pàdánù átọ́ọ̀mù ju ojú pẹrẹsẹ lọ, kòtò sì máa ń rí gbà padà. William Thomson, tí wọ́n tún ń pè ní Lord Kelvin, àti Josiah Willard Gibbs ló fi ìpìlẹ̀ òye yìí lélẹ̀ ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Ẹ jẹ́ ká pe ìfàsẹ́yìn yìí ní ìyà orí ṣóńṣó.

Ọ̀kan ń tì síwájú, ọ̀kan ń fà sẹ́yìn. Èwo ni yóò borí? Ibi tí àlàyé ẹnu mọ nìyí. Ìṣirò ló kù. Ní 1963 àti 1964, William Mullins àti Robert Sekerka tẹ ìwádìí méjì jáde láti Pittsburgh, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ irin ní Amẹ́ríkà. Ìwádìí àkọ́kọ́ dá lé ohun líle roboto tó ń dàgbà, èkejì dá lé ojú pẹrẹsẹ irin àlùpọ̀ tó ń dì. Wọn ò gbìyànjú láti ṣírò bí ẹ̀ka ṣe rí látòkè délẹ̀, ìyẹn ì bá ti le jù. Ojú tó tẹ́jú ni wọ́n mú, wọ́n fi kókó wẹ́wẹ́ sí i létòlétò, kókó tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Wọ́n wá bi ìṣirò ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ní ìṣẹ́jú tó ń bọ̀, ṣé kókó yìí máa ga sí i ni àbí ó máa lọ sílẹ̀?

Ohun tó ń dá ẹjọ́ náà ni àlàfo tó wà láàárín orí kókó kan àti orí èkejì. Ẹ jẹ́ ká sún àwọn kókó náà súnmọ́ra títí àlàfo wọn yóò fi di ìdajì, láì yí gíga wọn padà. Èrè iwájú á di ìlọ́po 2. Ìyà orí ṣóńṣó ńkọ́? Kókó tí gíga rẹ̀ kò yí padà tí ìdí rẹ̀ ti dín kù sí ìdajì, orí rẹ̀ á mú ní ìlọ́po 4. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà tí átọ́ọ̀mù tó já kúrò lórí ṣóńṣó máa rìn dé inú kòtò ti dín kù sí ìdajì, nítorí náà ó ń já lọ ní ìlọ́po 2 sí i. Ìlọ́po 4 lọ́nà 2 jẹ́ ìlọ́po 8. Èrè di 2, ìyà di 8. Bí a bá tún gé àlàfo sí ìdajì lẹ́ẹ̀kan sí i, èrè di 4, ìyà di 64.

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí àlàfo bá fẹ̀, ìyà kéré, èrè ló ń borí. Bí àlàfo bá há jù, ìyà á borí, ojú á sì tẹ́jú padà. Láàárín méjèèjì, ààlà kan wà níbi tí èrè àti ìyà ti dọ́gba. Kókó tí àlàfo rẹ̀ kéré ju ààlà yìí lọ kò ní yè. Èyí tó tóbi jù ú lọ á dàgbà, ṣùgbọ́n èyí tó fẹ̀ rẹpẹtẹ kì í yára, nítorí pé èrè tirẹ̀ náà kéré. Ìṣirò fi hàn pé èyí tó máa yára ju gbogbo wọn lọ ni èyí tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 1.73 ààlà náà. Òun ló máa gba iwájú lọ́wọ́ àwọn yòókù, ìwọ̀n tirẹ̀ lojú wa sì máa ń kọ́kọ́ rí.

Èyí ló wú mi lórí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó wọn àlàfo ẹ̀ka yìnyín sílẹ̀ fún yìnyín. Ìjàkadì agbára méjì, tí ọ̀kan ń fò láti 2 sí 4 tí èkejì ń fò láti 8 sí 64, ló bí ìwọ̀n kan. Ìwọ̀n náà sì ń gbọ́ràn sí wa lẹ́nu: bí ojú bá ń dàgbà ní ìlọ́po 4 bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ààlà á dín kù sí ìdajì, ẹ̀ka á sì wẹ́ sí i. Fún ohun roboto, Mullins àti Sekerka rí nọ́ńbà mìíràn. Gbogbo irúgbìn ohun líle ló ní ìwọ̀n kan tó jẹ́ pé bó bá kéré sí i, á yọ́ padà. Nígbà tí irúgbìn náà bá dàgbà kọjá ìlọ́po 7 ìwọ̀n yìí, ìrísí roboto rẹ̀ kò dúró ṣinṣin mọ́. Bí ìwọ́ra díẹ̀ bá ti wà lára rẹ̀, ìwọ́ra náà á máa ga sí i.

Ní nǹkan bí ọdún 27 kí ìṣirò yìí tó jáde, ọkùnrin kan ní Jàpáànù ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí ìṣirò náà wá ṣàlàyé. Ukichiro Nakaya ń kọ́ni ní físíìsì ní yunifásítì Hokkaido ní Sapporo, ní àríwá ilẹ̀ náà tí òjò dídì ti ń rọ̀ gan-an. Ó fẹ́ mọ ìdí tí ẹ̀ka òjò dídì fi ń rí oríṣiríṣi, ó sì pinnu láti dá a ṣe nínú yàrá òtútù. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá gbé kọ́ níbẹ̀, ńṣe ni yìnyín máa ń bò ó látòkè délẹ̀. Irun ehoro ló wá gbà fún un: yìnyín dì sí ibì kan ṣoṣo lára irun náà, ó sì dàgbà níbẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1936, ó rí òjò dídì àkọ́kọ́ tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn ṣe.

Nakaya yí òtútù padà, ó yí ọ̀rinrin padà, ó sì kọ gbogbo ohun tó rí sílẹ̀. Ní nǹkan bíi dígírì 5 sísàlẹ̀ òdo, ọ̀pá àti abẹ́rẹ́ ló ń jáde. Ní dígírì 15 sísàlẹ̀ òdo, bí ọ̀rinrin bá kéré, àwo pẹlẹbẹ onígun mẹ́fà ló ń jáde; bí ọ̀rinrin bá pọ̀, àwo náà á yọ apá mẹ́fà, apá kọ̀ọ̀kan á sì yọ ẹ̀ka. Onígun mẹ́fà ló jẹ́ nítorí pé bí àwọn ẹ̀yọ omi ṣe ń to ara wọn nínú yìnyín nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì kéré, àwo náà kì í yà kúrò ní ìrísí rẹ̀. Nígbà tó bá tóbi tó, tó sì ń yára, àwọn igun rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló yọrí jù sínú ọ̀rinrin. Èrè iwájú ń bọ́ sọ́wọ́ wọn, apá sì ń hù. Ní 1954, ó kó iṣẹ́ náà jọ sínú ìwé tí ilé ìtẹ̀wé yunifásítì Harvard tẹ̀ jáde, àwòrán tó yà nípa òtútù àti ọ̀rinrin sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Ìṣirò Mullins àti Sekerka sọ bí ẹ̀ka ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Bí kókó bá ti dàgbà, tí gíga rẹ̀ ti tó àlàfo rẹ̀, ìṣirò náà kò ká a mọ́. Ní 1947, G. P. Ivantsov ní ilẹ̀ Soviet ti ṣírò ìrísí abẹ́rẹ́ tó lè máa sún síwájú láì yí padà, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ fàyè gba abẹ́rẹ́ tó sanra tó ń rọra lọ àti èyí tó tín-ín-rín tó ń sáré, láì sọ èwo la máa bá pàdé. Ó di àwọn ọdún 1980 kí àwọn onímọ̀ físíìsì tó rí ohun tó ń yàn. Ìyà orí ṣóńṣó kò dọ́gba ní gbogbo ìhà, nítorí bí átọ́ọ̀mù ṣe to ara wọn kò dọ́gba ní gbogbo ìhà. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ló ń di orí abẹ́rẹ́ mú kó má baà pín sí méjì, òun ló sì ń yan bó ṣe máa yára tó. Bó bá jẹ́ pé ìyà náà dọ́gba yíká, abẹ́rẹ́ kan ò ní lè dúró.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yìnyín ń ṣẹlẹ̀ sí irin pẹ̀lú. Idẹ jẹ́ bàbà àti síǹkì tí a pò pọ̀. Nígbà tí asúdẹ bá da idẹ yíyọ́ sínú àgbékalẹ̀ amọ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ kì í dì ní pẹrẹsẹ. Èyí tó ń dì ń lé apá kan àwọn átọ́ọ̀mù tó wà nínú àlùpọ̀ náà jáde síwájú ara rẹ̀, kókó tó bá sì yọrí kọjá ibi tí wọ́n kóra jọ sí ló máa ń jàǹfààní. Ẹ̀ka á hù, ẹ̀ka á wọ inú ara wọn títí gbogbo rẹ̀ á fi dì. Bí òtútù bá yára mú un, ẹ̀ka á wẹ́. Bó bá rọra tutù, ẹ̀ka á tóbi. Àwọn tó ń da irin fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ máa ń wọn àlàfo ẹ̀ka yìí, torí pé irin tí ẹ̀ka rẹ̀ wẹ́ máa ń lágbára ju èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ tóbi lọ.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ ló ń ti kókó síwájú. Bí wọ́n bá ń to átọ́ọ̀mù jẹmáníọ́ọ̀mù lé orí sílíkọ́ọ̀nù, àyè kò gbà á dáadáa, nítorí pé àlàfo átọ́ọ̀mù tirẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ ju ti sílíkọ́ọ̀nù lọ. Ó ní láti fún ara rẹ̀ pọ̀. Ìpele bíi 3 á kọ́kọ́ tẹ́jú, lẹ́yìn náà ojú á dìde di òkìtì wẹ́wẹ́, torí pé orí òkìtì ni átọ́ọ̀mù ti ń rí àyè na ara. Asaro àti Tiller ní 1972, àti Grinfeld ní 1986, ló ṣírò èyí. Ìfúnpọ̀ ló gba ipò èrè iwájú, ìyà orí ṣóńṣó ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà, àlàfo kan ló sì tún ń borí.

Bátìrì ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan àpò àti ẹ̀mí wa jù. Gíráàmù 1 lítíọ́ọ̀mù lè gbé iná tó tó ìlọ́po 10 èyí tí gíráàmù 1 gráfáìtì, tó jẹ́ irú kábọ́ọ̀nù kan, ń gbé. Stanley Whittingham ti ṣe bátìrì onílítíọ́ọ̀mù nílé-iṣẹ́ Exxon láwọn ọdún 1970. Nígbàkúùgbà tí a bá ń ṣájì irú bátìrì bẹ́ẹ̀, lítíọ́ọ̀mù ń padà wá dì mọ́ ojú irin rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan sí i, kókó tó bá yọrí ló ń rí gbà jù. Bó bá yọ ẹ̀ka, ẹ̀ka náà lè gún awọ tó pín bátìrì sí méjì, kí iná pàdé iná, kí ó sì gbiná. Ní 1989, ilé-iṣẹ́ kan ní Kánádà tó ń ṣe irú bátìrì yìí ní láti kó wọn padà kúrò lọ́jà lẹ́yìn tí fóònù kan gbiná ní Jàpáànù.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà yẹ̀ ẹ́ ni pé kí wọ́n má jẹ́ kí ojú lítíọ́ọ̀mù kankan máa dàgbà rárá. Akira Yoshino fi kábọ́ọ̀nù rọ́pò irin náà ní 1985, kí lítíọ́ọ̀mù lè máa yọ́ wọ àárín àwọn ìpele rẹ̀. Sony gbé irú bátìrì yìí dé ọjà ní 1991. Òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló wà nínú fóònù wa àti nínú ọ̀pọ̀ ínfátà tuntun. Ní 2019, Yoshino, Whittingham àti John Goodenough gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀ ewu náà kò tán pátápátá. Bí iná bá ń wọlé yára ju bí gráfáìtì ṣe lè gbé e mì lọ, lítíọ́ọ̀mù á bẹ̀rẹ̀ sí í dì sójú rẹ̀ níta. Ìdí nìyí tí ṣájà tó bá a mu fi ṣe pàtàkì, tí bátìrì ínfátà sì fi ń ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú tó ń ṣọ́ bí iná ṣe ń wọlé.

Ọ̀nà mìíràn ni pé ká fi irin lítíọ́ọ̀mù sílẹ̀ bó ṣe wà, ká wá ohun tó máa di ojú rẹ̀ mú. Ní 2005, Charles Monroe àti John Newman ṣírò pé bí ohun líle kan tó le tó ìlọ́po 2 lítíọ́ọ̀mù bá tẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, ojú náà á dúró ní pẹrẹsẹ. Ìyẹn ni pé ká wá ìyà mìíràn fi kún ìyà orí ṣóńṣó. Ìrètí ńlá ni, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò pẹ̀lú ohun bí àwo tánganran, lítíọ́ọ̀mù wá inú àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó sán síbẹ̀ gbà kọjá. Ìṣirò náà gbà pé ohun líle náà kò ní àbùkù. Ohun tí wọ́n rí lò ní àbùkù. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà báyìí, ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí lágbàáyé ló sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Nínú gbogbo èyí, ìbéèrè mẹ́ta ni ìṣirò ń kọ́ wa láti máa bi ojú ohunkóhun tó bá ń dàgbà. Kókó tó bá yọrí, ṣé inú ọ̀pọ̀ ló ń nà sí tàbí inú àìní? Kí ló ń fà á padà? Báwo la ṣe ń tì í yára tó? Ẹni tó bá ní ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè sọ ohun tí ojú náà máa dà kó tó dà á.

Àpáta tó ní lítíọ́ọ̀mù nínú wà ní Ọ̀yọ́, ó wà ní Èkìtì, ó wà ní Kwara, wọ́n sì ti ń wà á. Bí a bá tà á ní òkúta, owó òkúta la máa gbà. Ohun tó ń sọ òkúta náà di bátìrì tí kò ní gbiná ni ìmọ̀ nípa ojú rẹ̀ nígbà tó bá ń dàgbà, ìmọ̀ yìí sì bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn tó mú ìwé àti bírò, tí wọ́n bi kókó kékeré kan bóyá ó máa ga tàbí ó máa lọ sílẹ̀. Ọmọ wa tó wà ní kíláàsì ìṣirò lónìí lè bi í bẹ́ẹ̀ náà. Ó yẹ ká kọ́ ọ bó ṣe máa bi í.